Àkójọ Ọ̀rọ̀ Àtijọ́ Nínú Package Tuntun: Àkọsílẹ̀ Àṣìṣe Àdàkọ Fáìlì Kan

Package Python (àpò kóòdù tí a kọ ní èdè kọ̀ǹpútà Python) tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò tóbi. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kóòdù díẹ̀ tó ń bá òǹkọ̀wé yẹ sípẹ́lì wò. Àwa mélòó kan la jọ ń tọ́jú rẹ̀, orí sáfà kan la sì ti ń dì í, script kan (fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) ló ń darí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn tí a gbé ẹ̀yà tuntun kan jáde, tí a sì kéde pé a ti tún àmì ohùn orí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe, olùkọ́ kan tó ń lò ó kọ̀wé sí wa. Ó ní òun ti gbé ẹ̀yà tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà òun, nọ́ńbà ẹ̀yà sì ti yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní a tún ṣe ló ṣì wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé pip, irinṣẹ́ tó ń gbé package Python sórí kọ̀ǹpútà, ló lo wheel (package tí a ti dì tán) àtijọ́ tó ti fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí pé pip a máa tọ́jú ohun tó bá ti wà jáde (download) láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó má baà tún un wà nígbà mìíràn. A ní kí ó tún un gbé pẹ̀lú --no-cache-dir, tó ń sọ fún pip kí ó má lo ohun tó ti fi pamọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà. Ọ̀kan nínú wa di package náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ láti inú orísun kóòdù kan náà, tiẹ̀ sì jáde dáadáa, ọ̀rọ̀ tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí a dá olùkọ́ yẹn lẹ́bi, ṣùgbọ́n a pinnu láti tú wheel tí a gbé jáde gan-an wò. Zip lásán ni wheel, ohun tí a fi ń tú zip la fi ń tú u. Words.txt, fáìlì àkójọ ọ̀rọ̀ náà, tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà tó ṣáájú, kò yàtọ̀ sí i ní ẹyọ lẹ́tà kan.

Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wá tọ́ka ọ̀nà fún wa. Fáìlì METADATA, tó ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà package sílẹ̀, gbé nọ́ńbà tuntun dání. Fáìlì Python kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ fún ẹ̀yà yìí náà wà níbẹ̀ pípé. Ṣùgbọ́n gbogbo fáìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí a kàn tún ṣe, ti àtijọ́ wọn ló wọlé. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹnìkan ṣèèṣì gbé wheel tí kò yẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irinṣẹ́ tó di package náà gan-an ló yàn láti má da àwọn fáìlì kan kọ, tó sì da àwọn mìíràn kọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí setuptools, irinṣẹ́ tí a fi ń di package, ṣe ń kó fáìlì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Setuptools kì í gbé fáìlì láti orísun lọ sínú wheel tààrà. Àṣẹ kan tó ń jẹ́ build_py ló kọ́kọ́ ń ṣe ẹ̀dà wọn sínú fódà build/lib, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ inú wheel. Build_py kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí kò pọn dandan, nítorí náà, kí ó tó da fáìlì kan kọ, ó máa ń wo àkókò tí wọ́n ṣàtúnṣe kẹ́yìn sí fáìlì orísun, yóò sì fi wé ti ẹ̀dà tó wà nínú build/lib. Bí ti orísun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ti ẹ̀dà lọ, tàbí tí kò bá sí ẹ̀dà rárá, yóò dà á kọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fò ó. Kò ka ohun tó wà nínú fáìlì, kò sì wo bí ó ṣe tóbi tó.

Irinṣẹ́ make, tó ti wà láti àwọn ọdún 1970, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ìlànà yìí. Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, nítorí pé àbájáde tí make ń wò jẹ́ fáìlì tí compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, àkókò tirẹ̀ a sì máa jẹ́ ti ẹ̀yìn àkókò orísun nígbà gbogbo. Ti build_py yàtọ̀ ní ibì kan tó ṣe pàtàkì: bí ó bá ti da fáìlì kọ tán, ó máa ń fi àkókò orísun sórí ẹ̀dà náà. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, àkókò méjèèjì á dọ́gba lẹ́yìn àdàkọ, ohun kan ṣoṣo tó sì lè mú kí irinṣẹ́ náà tún fáìlì yẹn dà kọ ni kí àkókò orísun lọ síwájú. Bí nǹkan kan bá dá àkókò orísun padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àtúnṣe inú fáìlì náà kò ní já mọ́ nǹkan kan lójú build_py.

Ó tún fò wọ́n láìsọ̀rọ̀. A tún àṣẹ náà pa, a sì fi -v sí i kí ó lè sọ ohun gbogbo tó ń ṣe, ìgbà náà ni ìlà yìí jáde, tí irú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e fún fáìlì kọ̀ọ̀kan:

not copying src/awon_oro/words.txt (output up-to-date)

Ó ń sọ fún wa pé òun kò da fáìlì náà kọ nítorí pé ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ kò tíì di àtijọ́. Láìsí -v, ìlà yẹn kì í hàn rárá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ tí sáfà ń tọ́jú fi mọ́ tónítóní.

A wá pa ls -l nínú fódà src. Gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀, àti èyí tí a tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti èyí tí a dá sílẹ̀ lánàá, ló gbé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti build/lib. Ọdún 1980 kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń di package, nítorí pé òun ni ọdún tó kéré jù tí zip lè kọ sílẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ kí package kan náà jáde bákan náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dì í, láìka ọjọ́ tí wọ́n dì í sí, a máa fi ọjọ́ kan ṣoṣo sórí gbogbo fáìlì, 1980 ni ọ̀pọ̀ sì ń yàn. Script wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á, a rí i pé fódà ìgbà díẹ̀ tó fi ń ṣe àpò orísun, stage-src, nìkan ni ó ń fi touch, àṣẹ tó ń yí àkókò fáìlì padà, kàn. Kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tó fọwọ́ kan src. Git status (àṣẹ kan nínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù) náà ní kò sí ohun tó yí padà, òótọ́ ló sì sọ, nítorí pé git kì í tọ́jú àkókò àtúnṣe fáìlì sínú ìtàn rẹ̀. Bí àkókò bá yí padà, yóò yẹ inú fáìlì wò, bí inú bá sì rí bákan náà, ọ̀rọ̀ parí.

Báwo wá ni ọdún 1980 ṣe dé src? Ìdáhùn wà ní ìlà tó ṣáájú touch, níbi tí script ti dá stage-src sílẹ̀ pẹ̀lú cp -al. Lẹ́tà l tó wà nínú àṣẹ yẹn ní kí cp má ṣe da ohun tó wà nínú fáìlì kọ rárá, kí ó kàn fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kejì, ohun tí wọ́n ń pè ní hard link. Orúkọ méjì ni, fáìlì kan ṣoṣo ni lórí díìsì. Ọ̀nà yìí yára, kì í sì í gba àyè, kò sì léwu níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nǹkan sínú ẹ̀dà náà. Ṣùgbọ́n àkókò àtúnṣe kì í ṣe ti orúkọ, ti fáìlì ni. Touch tó bá kan stage-src/awon_oro/words.txt ti kan src/awon_oro/words.txt nìyẹn. Kí a lè rí i lójúkojú, a dá script dúró kí ó tó pa stage-src rẹ́, a sì pa ls -li ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: nọ́ńbà inode wọn (nọ́ńbà tí a fi ń dá fáìlì mọ̀ lórí díìsì) jẹ́ ọ̀kan náà, iye orúkọ tí ls sì kọ sí iwájú fáìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2. Bí script bá parí iṣẹ́, yóò pa stage-src rẹ́, iye náà yóò sì padà di 1. Ẹni tó bá wá wò lẹ́yìn náà kò ní rí ìtọpa kankan àfi ọjọ́ tó ṣàjèjì lórí fáìlì.

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá yé wa bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Git pull mú words.txt tuntun wá, pẹ̀lú àkókò òní. Script ṣe àpò orísun, touch sì dá àkókò rẹ̀ padà sí 1980. Lẹ́yìn náà ni build_py dé, ó fi 1980 ti orísun wé 1980 ti ẹ̀dà, ó rí i pé wọ́n dọ́gba, ó sì fò ó. Fáìlì tuntun pátápátá wọlé nítorí pé kò ní ẹ̀dà nínú build/lib. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká jáde dáadáa nítorí pé kò sí fódà build níbẹ̀ rárá.

Ó ku ìdí tí àṣìṣe yìí kò fi hàn fún ìgbà pípẹ́ tí script náà ti wà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ di package ni sáfà máa ń tún gbogbo orísun wà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀, sínú fódà òfìfo, nítorí náà kò sí build/lib àtijọ́ tí àkókò rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú nǹkan kan. Àkójọ ọ̀rọ̀ náà ń tóbi sí i, dátà sì wọ́n, nítorí náà wọ́n yí i padà kí fódà náà máa wà nílẹ̀, kí git pull nìkan máa mú àtúnṣe wá. Láti ọjọ́ náà ni cp -al àti build_py ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Irú rẹ̀ kan náà lè bá ẹni tó ń lo pip install lórí fódà orísun tirẹ̀, nítorí pé láti ẹ̀yà 21.3 tó jáde ní ọdún 2021 ni pip ti ń di package nínú fódà orísun gan-an. Kí ìyẹn tó dé, ó máa ń kó gbogbo fódà náà lọ sí ibi ìgbà díẹ̀ kí ó tó dì í. Ọ̀nà tuntun yẹn yára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi fódà build sílẹ̀ lẹ́yìn.

Àṣìṣe kejì wà nínú script yìí kan náà, òun ló sì ti gba àfiyèsí gbogbo ènìyàn nítorí pé ariwo ló fi wọlé. Yàtọ̀ sí wheel, a máa ń ṣe àpò àkójọ ọ̀rọ̀ méjì fún àwọn tí kò lo Python: ọ̀kan tó ní àmì ohùn, èkejì tí kò ní, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe ìwákiri. Script ń lo copy_tree láti inú distutils, àkójọ irinṣẹ́ àtijọ́ tí Python fi ń di package, fún méjèèjì, sínú fódà kan náà tó ń jẹ́ stage, ó sì ń fi shutil.rmtree pa stage rẹ́ láàárín wọn. Àkọ́kọ́ a máa lọ geere. Ìkejì a máa kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí:

could not create 'stage/words.txt': No such file or directory

Lójú ẹni tó bá kà á, ó dà bí ẹni pé words.txt ni kò sí, bẹ́ẹ̀ fódà stage gan-an ni kò sí. Kí copy_tree tó da nǹkan kọ, ó máa ń pe mkpath kí ó dá fódà tó ń lọ sílẹ̀. Mkpath ní àkọsílẹ̀ kan nínú ìrántí, tó ń kọ orúkọ gbogbo fódà tó ti dá sílẹ̀ láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, bí fódà kan bá sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, mkpath á gbà pé iṣẹ́ ti parí, kò ní dá a sílẹ̀ mọ́. Ó dà bí akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí tó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹrù wọlé láàárọ̀, tí kò sì ní gbà pé wọ́n ti kó ẹrù náà jáde lọ́sàn-án, nítorí pé ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ẹnu ọ̀nà mìíràn yẹn ni shutil.rmtree. Bí ó bá jẹ́ remove_tree ti distutils fúnra rẹ̀ ni script lò, àkọsílẹ̀ náà ì bá ti yí padà, nítorí pé remove_tree máa ń yọ orúkọ fódà tó bá pa rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Distutils ti wà pẹ̀lú Python láti ọdún 2000, àlàyé tó wà nínú kóòdù rẹ̀ sì sọ ìdí tí àkọsílẹ̀ yìí fi wà: kí iṣẹ́ lè dín kù, kí ó má sì máa tún ìlà "creating" kan náà tẹ̀ léraléra. Ní ọdún 2011 ni wọ́n ti fi àṣìṣe yìí sùn lábẹ́ nọ́ńbà 10948, níbi tí wọ́n ti ń fi àṣìṣe Python sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rí i, ohun tí wọ́n sì ń gba ara wọn nímọ̀ràn ni kí wọ́n fi _path_created.clear() nu àkọsílẹ̀ náà kí wọ́n tó tún pe copy_tree. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé àmì abẹ́ ìlà tó ṣáájú orúkọ yẹn túmọ̀ sí pé ohun inú ilé distutils ni, ẹni tó bá sì kọ script lé e lórí ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ohun tó lè yí padà láìsí ìkéde. Distutils fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú Python láti ẹ̀yà 3.12 tó jáde ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí PEP 632 (ọ̀kan nínú àwọn ìwé àbá àtúnṣe Python) ṣe là á kalẹ̀. Ẹ̀dà tó wà nínú setuptools ló kù.

Àtúnṣe àṣìṣe kejì rọrùn. A yọ copy_tree kúrò, a sì fi shutil.copytree rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú dirs_exist_ok=True, tó ti wà láti Python 3.8. Kí ìyẹn tó dé, shutil.copytree kì í gbà kí fódà tó ń lọ ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ìdí pàtàkì tí àwọn ènìyàn fi sá lọ sọ́dọ̀ distutils nìyẹn. A tún fún àpò kọ̀ọ̀kan ní fódà ìgbà díẹ̀ tirẹ̀ dípò kí wọ́n máa pín stage lò.

Ti àṣìṣe àkọ́kọ́ gba ìrònú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibi púpọ̀ ni a ti lè dá a dúró. Fífi --force sí build_py ì bá ti tó láti mú ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, nítorí pé ó ń sọ fún un kí ó má wo àkókò mọ́. Ṣùgbọ́n --force kì í pa nǹkan kan rẹ́ nínú build/lib. Fáìlì tí a ti yọ kúrò ní orísun yóò ṣì wà níbẹ̀, yóò sì wọ inú wheel. Ohun tí a yàn ni kí wheel má jáde láti inú fódà tó ti pẹ́ nílẹ̀ mọ́. Python -m build, bí a kò bá fún un ní àṣẹ mìíràn, máa ń kọ́kọ́ ṣe àpò orísun, yóò tú u sí fódà ìgbà díẹ̀, láti inú èyí tí ó tú yẹn ni yóò sì ti di wheel, nítorí náà build/lib àtijọ́ kò ní ọ̀nà tó lè gbà wọlé. Fódà git lè máa wà nílẹ̀ kí dátà má baà ṣòfò. A yí cp -al sí cp -a. A sì yọ touch kúrò pátápátá, nítorí pé apá tó ń kọ wheel ti mọ SOURCE_DATE_EPOCH láti ọjọ́ pípẹ́: bí a bá fi ọjọ́ sínú rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni yóò kọ sórí gbogbo fáìlì inú zip, láìfọwọ́ kan èyí tó wà lórí díìsì. Tar, irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì sínú àpò kan, náà ní --mtime tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀rí la wá ń wá lẹ́yìn èyí. Nínú wheel, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ RECORD, tó kọ sha256 (àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú fáìlì) gbogbo fáìlì yòókù sílẹ̀, ẹnìkan nínú wa sì dábàá pé kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbé package jáde. Mo ta kò ó. Láti inú ohun tó ti wọ wheel tán ni wọ́n ti ṣírò RECORD, nítorí náà words.txt àtijọ́ ní sha256 tó péye níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó ń dáhùn ni bóyá wheel ti bàjẹ́ láti ìgbà tí a ti dì í. Ìbéèrè tiwa ni bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tó wà ní orísun. A kọ script kékeré kan tó ń ṣí wheel pẹ̀lú zipfile, tó ń fi fáìlì kọ̀ọ̀kan wé ti inú git ní báìtì sí báìtì, tó sì ń dá iṣẹ́ dúró bí ọ̀kan bá yàtọ̀, bí ọ̀kan bá kù, tàbí bí wheel bá ní fáìlì tí orísun kò ní.

Apá tó gbẹ̀yìn nínú àyẹ̀wò yẹn kò jẹ́ kí ó pẹ́ kí a tó rí èrè rẹ̀. Nígbà tí a fi yẹ àwọn wheel tí a ti gbé jáde wò, ó rí fáìlì Python kan tí a ti pa rẹ́ kúrò ní orísun, tó sì ṣì ń bá wheel lọ láti inú build/lib. Kò sí ohun tó ń pè é mọ́, nítorí náà kò ba nǹkan kan jẹ́.

PyPI, ibi tí a ń gbé package Python sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tún fáìlì tí ó ní orúkọ kan náà gbé sórí rẹ̀, kódà bí ẹni náà bá ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí náà a fún wheel tó péye ní nọ́ńbà ẹ̀yà mìíràn. A yank àwọn wheel tó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú (a sàmì sí wọn pé kí ènìyàn má lò wọ́n mọ́), ní ìlànà PEP 592, a sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú wọn. Ẹni tó bá ń gbé package náà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní bá wọn pàdé. Ṣùgbọ́n pip yóò ṣì gbé wheel tí a yank fún ẹni tó bá fi == dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú requirements.txt (fáìlì tó ń to àwọn package tí iṣẹ́ kan nílò), nítorí náà a kọ̀wé sí àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí olùkọ́ tó kọ́kọ́ pe àkíyèsí wa, a sì fi àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn wọn yí padà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè yẹ ìwé tí wọ́n ti fi package náà ṣe wò.